Iṣẹ́ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Rán

Wọ́n ti gbé àpótí Múnírátù sí ẹnu ọ̀nà kí Aneesah tó dé. Àpótí náà, báàgì méjì, àti maṣíìnì ìránṣọ tí wọ́n fi aṣọ bò. Múnírátù fúnra rẹ̀ jókòó lórí àpótí, ó ká ọwọ́ lé itan, kò sunkún. Ó kàn sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí Aneesah lè ráyè kọjá.

"Àǹtí, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bàbá Àkàngbé ní kí n máa lọ. Wọ́n wà ní pálọ̀."

Ọjọ́ Sátidé kan ni, lọ́dún 1992, oòrùn ọ̀sán sì ń jó páànù ilé Alhaji Sùnmọ́nù ní Pápá Àjàó. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kókó kan ti le bí èkùrọ́ nínú ọmú ìyá Aneesah, tí í ṣe ìyáálé ilé náà. Bàbá Àkàngbé, ẹ̀gbọ́n Alhaji, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ pé wọ́n rán an sí i ni, àti pé kò sẹ́ni tó máa rán irú ẹ̀ bí kò ṣe Múnírátù, orogún rẹ̀. Alhaji ò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́; inú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kan àga ló ń sá pa mọ́ sí láti ọjọ́ náà. Ìyá Aneesah náà ò sọ nǹkan kan. Àìsọ̀rọ̀ tirẹ̀ yìí ló ń jẹ ọmọ rẹ̀ lọ́kàn jù.

Aneesah wọlé, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Àkàngbé, ìyá rẹ̀, àti Alhaji bàbá rẹ̀ tí wọ́n ti pè wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ìwé èsì àyẹ̀wò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kà á ní ìgbà mẹ́rin láti ilé ìwòsàn. Kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọdún kejì rẹ̀ rèé ní yunifásítì tó ti ń kàwé fún oyè kejì, ohun tó ń lọ nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an ló ń kọ́.

"Dókítà ní kí ni?" Alhaji bi í.

"Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n fẹ́ yọ ọmú náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó tó ràn dé ibòmíràn."

Ìyá rẹ̀ fa ìborùn mọ́ àyà, bí ẹni pé òtútù ń mú un. Bàbá Àkàngbé ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ẹni tó rán an gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilé yìí kí wọ́n tó fọ̀bẹ kàn án," ló wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀."

Ó rọra bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn ohun kéékèèké tí ojú ò lè rí ló para pọ̀ di ara èèyàn, pé sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè wọ́n, wọn kì í sì í dá nǹkan ṣe. Iṣẹ́ ni wọ́n máa ń dúró dè. Bí èèyàn bá fi ọ̀bẹ gé ọwọ́, ara á ránṣẹ́ sí àwọn tó wà nítòsí pé kí wọ́n pín sí méjì méjì, kí wọ́n dí ojú ọgbẹ́. Àwọn èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní purotéènì ló ń jẹ́ iṣẹ́ yẹn: ọ̀kan á gbà á lẹ́yìn sẹ́ẹ̀lì, òmíràn á gbé e wọ inú. Bí ọgbẹ́ bá ti jinná, gbogbo wọn á dákẹ́.

"Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn purotéènì yẹn lè bàjẹ́, kó má dákẹ́ mọ́. Á máa sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó pín, kó pín, nígbà tí kò sí ọgbẹ́ kankan. Bí àwọn tó yẹ kó dá a dúró náà bá tún ti bàjẹ́, ó parí. Sẹ́ẹ̀lì ò mọ̀ pé irọ́ ni. Ohun tó gbọ́ ló ń ṣe."

"Ta ló wá rán an?" Bàbá Àkàngbé béèrè.

"Kò sẹ́ni tó rán an, Bàbá. Ohun tó ń ṣe Mọ́mì gan-an nìyẹn."

"Ta ló bà á jẹ́?"

"Ó lè jẹ́ ọjọ́ orí. Ó lè jẹ́ àṣìṣe nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ń pín. Nígbà míì, a kì í mọ̀."

Bàbá Àkàngbé rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O kàwé tó báyìí, o ò mọ̀. Èmi tí mi ò kàwé, mo mọ̀."

Alhaji yíjú sí ìyá Aneesah.

"Ìwọ ni nǹkan ń ṣe. Kí lo wí?"

Obìnrin náà wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ kó kó ẹrù ẹ̀ wọlé. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo ti mọ̀ tipẹ́."

Bàbá Àkàngbé mú fìlà rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Nígbà tí Aneesah dé ẹnu ọ̀nà, Múnírátù ti dìde. Kọ́tìnì nìkan ló wà láàárín òun àti pálọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ló sì gbọ́.

"Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́," ni Múnírátù wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni ò fi jẹ oúnjẹ mi." Kò jẹ́ kí Aneesah bá òun gbé àpótí náà wọlé.

Ìyá Aneesah ti wà ní yàrá, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí?"

"Nígbà tí wọ́n ń sọ pé Múnírátù ni, mo rẹ́ni bínú sí. Bí mo bá jí, tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀, inú á bí mi, mi ò sì ní ráyè bẹ̀rù. Ní báyìí, ta ni kí n bínú sí? Ara mi?"

Aneesah jókòó tì í.

"Màá lọ ní Mọ́ńdè," ìyá rẹ̀ sọ. "Irú nǹkan báyìí ló pa ìyá mi ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Àwọn ará ilé ọkọ wọn la ní ó ṣe é. A ò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? O ti yẹ ọmú tìẹ wò?"

Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà wá dúró níwájú rẹ̀. Aneesah gbé ọwọ́ sí bọ́tìnnì àkọ́kọ́ bùláòsì rẹ̀. Ọdún méjì ló ti fi ń kàwé nípa sẹ́ẹ̀lì. Kò rò ó rí pé ara òun náà ni ìwé náà ń sọ.