Ẹni Tó Kọ "Ulé"

Ìgbà tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1999 ni Jùwọ́nlọ ayàwòrán padà dé Òsì-Èkìtì láti Jámánì tó sá lọ. Wọ́n ń kí i káàbọ̀, ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n ojú wọn ló ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹnì kan níbí ló tà á.

Ní 1995, ó ya olórí ṣọ́jà bí ewúrẹ́ tó ń jẹ iṣu ará ìlú, ló bá sá pamọ́ sí abúlé Àsin. Ẹni méjì péré ló mọ ibẹ̀: Olúwọlé ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti Àjíkẹ́ ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àwọn ṣọ́jà wá gbé e. Nínú àhámọ́, wọ́n dì í lójú, ọ̀kan nínú wọn sì ka ìwé tó júwe ibẹ̀ sókè: "Ulé pupa, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ulé! Ará oko wo ló kọ eléyìí?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọ́ ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ méjì.

Gbogbo wa ní Èkìtì la ń pè é ní ulé lẹ́nu, àmọ́ ẹni tó bá jókòó nílé ìwé, ilé ni yóò kọ. Olúwọlé kò sì kàwé kọjá kíláàsì kẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pátákó ló ń kọ jẹun.

Jùwọ́nlọ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Bá mi kọ ọ́: Ulé yìí kì í ṣe títà."

Olúwọlé ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó kọ ILÉ gàdàgbà.

"O ò kọ ulé?"

"Tíṣà nà mí nítorí ẹ̀ títí ara mi fi bó. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi ò kọ ọ́ mọ́."

Irọ́ ni, Jùwọ́nlọ sọ lọ́kàn rẹ̀. Inú ń bí i débi pé kò dágbére kó tó lọ.

Nígbà tó délé, ó ní kí ìyá òun má kí Olúwọlé mọ́. Ìyá kò tilẹ̀ gbọ́; ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló ń ṣí, ayọ̀ kún ojú rẹ̀.

"Wo uṣẹ́ ọwọ́ mi. Èmi ni mo kọ ọ́!"

Jùwọ́nlọ kà á: *Uwé Àjíkẹ́. Bí ó bá sọnù, ẹ mú un wá sí ulé mi.*

"Ìgbà wo lẹ mọ̀wé kọ, Yèyé?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ wa, nígbà tí o ṣì ń gbé Ìbàdàn, kí wàhálà ṣọ́jà tó dé. Uwé tí mo kọ́kọ́ kọ fún ènìyàn ni èyí tí mo fi júwe ibi tí o wà ní Àsin fún àwọn ọ̀gbẹ́ni tó fẹ́ ra àwòrán rẹ. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ rẹ làwọn. Ṣé wọ́n rí ulé náà?"

Jùwọ́nlọ rọra ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ àpò ṣòkòtò.

"Wọ́n rí i, Yèyé," ó ní. "Ẹ kọ ọ́ dáadáa."