Gírísì Tí Abíọ́nà Gbàgbé

Lẹ́yìn tí wọ́n sin Tinúkẹ́, ìyàwó Abíọ́nà, ilé wọn tó wà létí adágún Birchmere ní London dákẹ́ débi pé ìró fíríìjì nìkan ni bàbá náà ń gbọ́. Jìmí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Kánádà. Abíọ́nà ti fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀sì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wà láàárín Woolwich àti Thamesmead. Tinúkẹ́ ló máa ń fà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Nígbà tí kò sí mọ́, kò sẹ́ni tí yóò fà á. Ọ̀sẹ̀ kan lè parí kí ó má gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Òórùn ẹ̀tù ló gbé e dé ẹgbẹ́ ayìnbọn. Ó ń rìn létí odò Thames lọ́jọ́ Sátidé kan ní ọdún 2014, ni atẹ́gùn bá gbé òórùn náà pàdé rẹ̀, ó sì dà bíi pé bàbá rẹ̀, tó ṣe ọdẹ ní Ìmẹ̀kọ, ló kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tọ òórùn náà lọ. Ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́ ni wọ́n ń yìn níbẹ̀, irú èyí tí òfin ṣì gbà láyè: ihò mẹ́fà tó ń yí po, tí a ń fi ọwọ́ ki ẹ̀tù sí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Leah, ìyá àgbà òyìnbó kan, ló ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Òun náà ń dá gbé, nínú fúláàtì kan ní Royal Arsenal, ní Woolwich.

"Ẹ̀tù ló kọ́kọ́ ń wọlé," ó ní. "Ọta tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, fi gírísì dí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan. Bí o bá gbàgbé gírísì, iná lè fò láti ihò kan sí èkejì, kí wọ́n sì yìn pọ̀. Má sì jẹ́ kí ọwọ́ òsì rẹ lọ síwájú. Ìdí ìbọn ni ọwọ́ méjèèjì ń wà."

Ọ̀pọ̀ oṣù ni Abíọ́nà fi ṣe é láìṣe àṣìṣe.

Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Jìmí kò pè. Bí Abíọ́nà ti ń ki ìbọn lọ́wọ́, Leah bi í pé, "Irú èèyàn wo tiẹ̀ ni bàbá rẹ?"

Láti ìgbà tí Tinúkẹ́ ti kú, kò sẹ́ni tó bi Abíọ́nà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ bá tú jáde. Ó sọ bí ìgalà kan ṣe yíjú wo bàbá òun títí tí bàbá òun kò fi lè yìn ín mọ́, àti bí ìyá òun ṣe kọ̀ láti bu oúnjẹ fún ọdẹ tó ti oko ọdẹ bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Leah rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ẹnu Abíọ́nà ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ sì ń dùn. Gírísì wà lórí tábìlì, kò rí i. Leah náà kò wo ìbọn. Ojú ẹni tó ń sọ ìtàn ló ń wò.

"Báyìí ló ṣe máa ń dúró," Abíọ́nà ní. Ó gbé ìbọn sókè, ó sì fi ọwọ́ òsì gbé e nísàlẹ̀ níwájú, bí àwọn ọdẹ ṣe ń di ṣakabùlà mú. Ó yìn ín.

Ìró mẹ́ta ló bú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín funfun bo ojú wọn.

"Gbé e kalẹ̀!" Leah kígbe. "Jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú síwájú!"

Ó gbé e kalẹ̀. Nígbà tí èéfín ká nílẹ̀ ló tó rí i pé orí ìka kan lọ́wọ́ òsì rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Leah fi mọ́tò rẹ̀ sáré gbé e lọ sí ọsibítù tó wà nítòsí Woolwich Common. Nọ́ọ̀sì tó gbà á wọlé, Habeebah, rí orúkọ rẹ̀, ó sì yí èdè padà sí Yorùbá.

"Daddy, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má wò ó. Ta ni ká call fún yín?"

"Ọmọ mi wà ní Kánádà."

"Ní London níbí ńkọ́?"

Leah wà níta, ẹ̀jẹ̀ Abíọ́nà lára kóòtù rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí bàbá náà dárúkọ rẹ̀.

"Kò sí," ó ní.

Habeebah kò bi í mọ́. Ó di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mú títí dókítà fi dé.

Àwọn ọlọ́pàá wá, wọ́n ṣe ìwádìí tiwọn. Ẹgbẹ́ ní kí Abíọ́nà má wá mọ́, wọ́n sì ní kí Leah má kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí Abíọ́nà gbọ́, ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun ti ba ayé obìnrin náà jẹ́. Kò pè é. Leah náà kò pè. Òtútù mú. Abíọ́nà á jókòó létí adágún pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì, á máa wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Kò sí ọjọ́ tó gùn tó Sátidé, ọjọ́ tó máa ń lọ yìnbọn tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí Habeebah ń wẹ egbò náà ní ọsibítù, ó ní, "Daddy, Auntie òyìnbó tó gbé yín wá ńkọ́? She was crying o. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kò gbà."

Abíọ́nà kò mọ̀ pé Leah sunkún, tí kò sì gbà láti lọ sílé. Kò tíì kúrò ní ọsibítù náà tó fi pè é.

"Mo rò pé inú ń bí ọ sí mi," Leah ní. "Iṣẹ́ mi ni pé kí n yẹ ìbọn yẹn wò, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò."

"Èmi náà rò pé inú ń bí ọ ni."

Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni èèyàn máa wọ̀ láti ilé ọ̀kan dé ilé èkejì, síbẹ̀ oníkálukú jókòó sínú ilé rẹ̀ láti ìgbà tí òtútù ti mú.

Leah wá lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó sì ń wá títí ewé tuntun fi yọ lórí igi. Lẹ́yìn náà ó kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Scotland, nítorí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè máa dá gbé mọ́. Abíọ́nà bá a gbé báàgì dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó dúró títí ọkọ̀ fi lọ.

Wọ́n ṣì ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà mìíràn fóònù á dún títí, Leah kò ní gbé e. Abíọ́nà á gbé tirẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, á tún pè.