Ìdè Tí Ìyá Aránṣọ Rán

"Ẹ tú u, Mà," ni onífisió, olùtọ́jú eegun àti iṣan, wí.

Ìyá aránṣọ ò tú u. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdè tó wà ní orúnkún ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni tí olè fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an: rọ́bà ìdí ṣòkòtò mẹ́rin tó tò pọ̀, aṣọ kàkí lórí, ìránpọ̀ méjì-méjì létí. Ó di oṣù méje tó ti wọ̀ ọ́, kì í bọ́ ọ àfi tó bá fẹ́ wẹ̀. Àwọn aládùúgbò tí orúnkún ń dùn pàápàá ti ń bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn rán tiwọn.

"Ọmọ mi, òun ló ń gbé mi dúró."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú u jàre," ni àbúrò rẹ̀ tó mú un wá sí ọsibítù wí. "Àbí ẹ fẹ́ kó fi ojú inú wò ó ni?"

Onífisió náà rẹ́rìn-ín. Kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Nígbà tí ìyá tú ìdè náà, onífisió tẹ orúnkún yíká, ó ní kí ìyá nà án, kó ká a. Ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú téèpù, ó wọn itan òsì, ó wọn ti ọ̀tún.

"Íǹṣì méjì ni ọ̀tún fi kéré, Mà."

"Irọ́ ni."

Ìyá gba téèpù lọ́wọ́ rẹ̀. Ogójì ọdún ló ti fi ń wọn ènìyàn; kò sí ìbàdí tó ń gbà gbọ́ láìwọ̀n ọ́n. Ó wọn itan ara rẹ̀, ó tún un wọ̀n. Íǹṣì méjì géérégé.

"Ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun méjèèjì ló ń jẹ," ni onífisió wí. "Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀, àga kúkúrú tẹ́ ẹ̀ ń jókòó lé náà wà níbẹ̀. Èyí tó ti jẹ ò lè hù mọ́. Ṣùgbọ́n iṣan itan ló yẹ kó máa bá orúnkún gbé ẹrù. Ẹ dì í pa, ẹ jókòó pa, kò ríṣẹ́ ṣe, ó sì rù. Orúnkún nìkan ló wá ń gbé gbogbo ara yín."

"Àfọwọ́fà mi ni," ni ìyá wí.

"Tí iṣan bá le, ìrora á dín. Ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀ síwájú, ẹ kà dé ẹẹ́wàá, ẹ gbé e sílẹ̀. Lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́ta, ó kéré tán."

Oṣù mẹ́ta! Sátidé tó ń bọ̀ ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ wá kó o lọ sílé rẹ̀. Ọmọ náà ti rí ẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá. Ilé náà dára, fèrèsé rẹ̀ tóbi; ẹ̀bá fèrèsé yẹn ni wọ́n máa gbé ìyá sí bí ìkòkò òdòdó, kò sì ní rán bọ́tìnnì kan mọ́ títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń kà á.

"Oókan. Eéjì. Ẹẹ́ta. Ẹ mí o, Ẹ̀gbọ́n! Ẹẹ́rin..."

Ẹsẹ̀ já wálẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Ẹẹ́ta ló dé lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ̀yìn la wá ń kà á lọ," ni àbúrò wí.

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Aṣọ tí a bá rán bà jẹ́, a lè tú u, ká tún un rán. Ara ńkọ́? Onífisió gan-an ò búra fún un.

Fóònù dún. Ọmọ rẹ̀ ni.

"Màámi, ṣé ẹ ti di ẹrù?"

"Má wá ní Sátidé."

"Ẹsẹ̀ yín ti sàn ni?"

"Rárá. Kò tiẹ̀ dájú pé á sàn."

"Kí wá lẹ fẹ́ jókòó ṣe níbẹ̀?"

Ìyá na fóònù sí àbúrò rẹ̀, ó di etí tábìlì ìgéṣọ rẹ̀ mú, ó sì tún gbé ẹsẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó kà á fún un.