Ìṣẹ́jú-àáyá Mọ́kànlá Lórí Kásẹ́ẹ̀tì Bàṣírátù

Ní Sátidé kejì nínú oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Ìyá Bàṣírátù gbé kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní òpópónà Ailegun. Aṣọ ló fi dì í. Inú agolo mílíìkì kan ni kásẹ́ẹ̀tì tó bá a rìn wà.

Àwa mẹ́ta la máa ń pàdé níbẹ̀ ní Sátidé. Èmi, Babáṣọlá, ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe láti ọdún 1986. Ọláyanjú ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe fáwọn ọ́fíìsì ní Ìsọlọ̀. Roqeebah ni àbúrò wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó kàwé nípa kọ̀ǹpútà, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní báńkì láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Àwọn kọ̀ǹpútà ilé ti ayé àtijọ́ la ń tọ́jú, àwọn tí gbogbo ara wọn jẹ́ bọ́tìnnì, tí wọ́n máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó lè lò wọ́n. Mọ́kànlá ló ń ṣiṣẹ́ lórí pẹpẹ mi. Èmi ni mò ń pààrọ̀ kapásítọ̀ tó bá ti wú. Ọláyanjú ń gbẹ́ bọ́tìnnì tuntun dípò èyí tó sọnù. Roqeebah ló ṣe pátákó kékeré kan tí wọ́n fi ń ka mẹ́mọrì káàdì, òun náà ló sì kọ ètò tí wọ́n fi lè kọ ẹ àti ọ wa pẹ̀lú àmì lórí, ohun tí àwọn tó ṣe wọ́n lókè òkun kò rò nígbà yẹn.

Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wá níṣẹ́ yìí. Ìyàwó Ọláyanjú máa ń bi í pé, “Ṣé ilé àwọn arúgbó yín lẹ tún ń lọ?” Ṣùgbọ́n òun ló sọ̀rọ̀ wa fún Ìyá Bàṣírátù, torí pé ọwọ́ ìyá náà ló ti máa ń ra aṣọ ní ọjà Aswani ní ọjọ́ Túsìdé.

Ìyá náà jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Kò tíì jókòó tó fi ní, “Ọ̀gá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń jí òkú ẹ̀rọ.”

“Tí kò bá ṣáà ti jẹrà tán, Màmá,” Ọláyanjú ló dáhùn.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ tẹnu rẹ̀ fún wa.

Ọkọ rẹ̀ máa ń bá ọkọ̀ òkun rìn, ó sì ra kọ̀ǹpútà náà bọ̀ láti ìlú òyìnbó lọ́dún 1987. Bàṣírátù, ọmọ wọn obìnrin, nìkan ló mọ̀ ọ́n lò nínú ilé. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń ṣe é, nígbà tí kò bá lè lọ sílé ìwé, ìdí ẹ̀rọ náà ló máa ń wà. Ní Tọ́sìdé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1990, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, “Màámi, mo kọ nǹkan kan fún yín sínú ẹ̀rọ yìí. Tí wọ́n bá ti mú iná wá, ẹ óò rí i.” Iná kò wá lọ́jọ́ náà. Kò wá lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ keje, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọ náà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, tó jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n mú iná wá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

“A ti sin ín láti ọ̀sán,” ni Ìyá Bàṣírátù wí. “Bàbá ẹ̀ kò jẹ́ ká fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn títí tóun náà fi kú. Ọ̀gá, kéú nìkan ni mo kà, mi ò mọ̀wé òyìnbó. Ẹ ṣáà bá mi jí i, kẹ́ ẹ ka ohun tọ́mọ mi kọ sí mi fún mi. Mi ò fẹ́ kú láìgbọ́ ọ.”

Oṣù ààwẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní lẹ́yìn Ìtunu Ààwẹ̀ lòun yóò padà wá.

Orí kásẹ́ẹ̀tì ni irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ máa ń tọ́jú ohun tí a bá kọ sí i. Mo ní láti sọ bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe. Ike kékeré méjì máa ń wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì tuntun. Bí wọ́n bá ṣẹ́ wọn, ihò ló máa kù níbẹ̀, bí ihò bá sì ti wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kò ní gbà kí o gba ohùn mìíràn lé ohun tó wà lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta kásẹ́ẹ̀tì wáàsí. Ṣùgbọ́n àwa tí kò lówó kásẹ́ẹ̀tì tuntun mọ ohun tí a máa ń ṣe: a ó gé sẹ́lótéèpù, a ó fi dí ihò náà, a ó sì gba ohun tó wù wá lé wáàsí lórí. Láti 1988 dé 1990 tí mo fi lọ sílé ìwé alẹ́ ní Ìsọlọ̀, mi ò ní ìwé kankan. Ẹnìkan nínú kíláàsì wa ló ń ka ìwé tirẹ̀ sínú rédíò kásẹ́ẹ̀tì tí mo yá. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlélógún ni mo dí ihò wọn lọ́dún méjì yẹn. Mo ṣì rántí orúkọ àwọn tó fún mi.

Kásẹ́ẹ̀tì wáàsí ni Bàṣírátù náà lò. Òun náà ti dí ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́lótéèpù náà ti gbẹ, ó ti já bọ́, ojú ibi tí gọ́ọ̀mù wà nìkan ló kù.

Ní Wẹ́sìdé, ogúnjọ́ oṣù Kẹta, èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti tún páàkì iná kọ̀ǹpútà náà ṣe, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bẹ́líìtì inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, kásẹ́ẹ̀tì ìdánwò la máa ń fi sí i: a ó gba ariwo díẹ̀ sórí rẹ̀, a ó sì gbọ́ ọ padà. Kásẹ́ẹ̀tì wáàsí ni kásẹ́ẹ̀tì ìdánwò wa pẹ̀lú, ó jọ ti Bàṣírátù. Èmi fúnra mi ni mo ṣòfin pé kásẹ́ẹ̀tì oníbàárà kò gbọdọ̀ kúrò nínú ohun tó gbé e wá títí Roqeebah yóò fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Lọ́jọ́ náà mo yọ ọ́ láti nu eruku ara rẹ̀. Mo rí ihò pẹ̀lú gọ́ọ̀mù gbígbẹ, mo gé sẹ́lótéèpù, mo dí i. Mi ò ronú sí i rárá. Ọwọ́ mi ló ṣe é, bó ṣe ṣe é ní ìgbà mẹ́rìnlélógún. Bí mo ṣe dí i tán ni iná dé, mo sì fẹ́ yára kó má baà tún lọ. Mo mú kásẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí, mo kì í bọ ẹ̀rọ, mo tẹ bọ́tìnnì méjèèjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá bí a ṣe máa ń kà á. Mo ka oókan dé mọ́kànlá kí n tó rí kásẹ́ẹ̀tì ìdánwò lórí tábìlì.

Bí mo bá fi ihò náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ̀rọ ì bá ti kọ̀.

Mo sọ ọ́ fún àwọn méjì yòókù ní Sátidé.

“Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá Tẹ́jú?” Roqeebah ní, torí orúkọ ọmọ mi ló fi ń pè mí. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fẹnu nà wá tá a bá yọ kásẹ́ẹ̀tì lásán?”

“Tísà,” Ọláyanjú ní, torí orúkọ tó máa ń pè mí nìyẹn, “ìgbà wo lẹ padà di ọmọ iṣẹ́?”

Irú kọ̀ǹpútà yẹn máa ń pín ohun tí a kọ sí ìdì ìdì kó tó fi pa mọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì. Mẹ́fà ni ìdì tó wà nínú ti Bàṣírátù. Mo ti pa méjì àkọ́kọ́ rẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni Roqeebah fi gbọ́ ariwo mẹ́rin tó kù, tó ń tò wọ́n padà di ìlà, títí ó fi rí ìlà mọ́kàndínlógójì kó jọ. Nígbà tó parí, ó pè wá sídìí tẹlifíṣọ̀n, kò sì rẹ́rìn-ín.

“Àwòrán ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù,” ó ní. “Ìlà tó gbẹ̀yìn ní kí ẹ̀rọ kọ ohun tó wà nínú àpótí kan jáde. MAAMI lorúkọ tó sọ àpótí yẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ ló ti kó ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀hún la ò sì ní mọ́.”

“Ẹ kó ọ̀rọ̀ míì sí i,” Ọláyanjú ní. “‘Màámi, mo fẹ́ràn yín.’ Kí ni ọmọ tún fẹ́ kọ sí ìyá ẹ̀?”

“Tó bá jẹ́ pé ó ń tọrọ àforíjì ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Tó bá jẹ́ pé ó ń fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́? Àwa ò mọ̀ ọ́n.”

“Màmá ò lè kà á. Ta ló máa tú àṣírí wa?”

“Torí pé wọn ò lè kà á gan-an ni mi ò ṣe ní kọ ọ́.”

Àwọn méjèèjì wò mí. Mo ní kò sẹ́ni tó máa kọ nǹkan kan sí i, pé èmi ni màá sọ fún Màmá kí n tó tan ẹ̀rọ.

Mi ò sọ ọ́. Ó dé ní Sátidé tó gbẹ̀yìn nínú oṣù Kẹrin, ó wọ léèsì funfun, ó gbé èso dàbínù wá fún wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún wa lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí mo bá la ẹnu, àmín ló ń jáde. Nígbà tó jókòó, ó ní, “Ẹ tàn án o, Ọ̀gá, kí wọ́n tó mú iná wọn lọ.” Mo tàn án.

Àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Igun mẹ́rin aláwọ̀ búlúù jáde, òmíràn aláwọ̀ yẹ́lò tẹ̀ lé e, wọ́n ń tò lẹ́sẹẹsẹ títí tí ojú tẹlifíṣọ̀n fi kún. Ìyá Bàṣírátù dìde.

“Aṣọ mi ni!” ó ní. “Aṣọ tí mò ń tà lọ́dún yẹn nìyí. Òun ló bá mi ká a jọ. Hà, Bàṣírá!”

Lẹ́yìn náà, ìlà ọ̀rọ̀ kan jáde nísàlẹ̀ àwòrán náà.

Ó sún mọ́ ọn. Ó na ìka sí àwọn lẹ́tà náà, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

“Òun nìyí. Ọ̀gá, ẹ kà á fún mi.”

Ẹ̀rọ ló kọ ìlà yẹn fúnra rẹ̀, kì í ṣe Bàṣírátù. Ohun tó ń sọ ni pé òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ MAAMI. Ọláyanjú ṣẹ́jú sí mi. Roqeebah tẹ orí ba. Kò sí ohun tó rọrùn ju kí n la ẹnu kí n sọ ọ̀rọ̀ dídùn kan lọ.

“Màmá,” mo ní, “kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ yín lẹ̀ ń wò yẹn. Ẹ̀rọ ló ń sọ pé òun ò rí ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo pa á rẹ́. Mo ṣèèṣì gba ariwo lé e lórí.”

Ó dúró pẹ̀lú ìka rẹ̀ nínà.

“Gbogbo ẹ̀?”

“Àwòrán yìí ló kù. Ọ̀rọ̀ tó kọ sí yín ti lọ, kò sì sí ibòmíì tá a ti lè rí i.”

“Látìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

“Ọjọ́ kejìdínlógójì rèé.”

“Ẹ wá jẹ́ kí n múra wá.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Kò sọ pé kí n dìde, kò sì sọ pé kí n má dìde. Ó jókòó, ó wo tẹlifíṣọ̀n náà pẹ́. Nígbà tó ṣe, ó ní kí Roqeebah pa á. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí ó bá òun tú wáyà rẹ̀.

Mo dìde, mo ní kí n bá a gbé e dé ojú títì.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, Ọ̀gá,” ó ní. Kò pariwo. “Ẹ ṣeun tẹ́ ò fi parọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.”

Roqeebah gbé e fún un, ó sì gbé e sí àyà. Ó wúwo fún un. Ó dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé etí títì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè tẹ̀ lé e, mi ò sì lè wọlé. Kẹ̀kẹ́ akérò mẹ́ta kọjá, wọn kò dúró. Ẹ̀kẹrin dúró. Ó gbé ẹ̀rọ náà lé itan, ó jókòó, ó sì ń wo iwájú títí wọ́n fi lọ.