Mẹ́sàn-án Nínú Mẹ́wàá

3.
…ó sì ní kí wọ́n bu omi fún òun mu. Bí wọ́n ṣe ń wádìí ilé àna nìyẹn: ẹnu á máa mumi, ojú á máa ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1974, Gàfárù fẹ́ fẹ́ Àṣàkẹ́ ní Pópó Yemọja. Kúbúrá, ẹ̀gbọ́n Gàfárù, ni wọ́n rán.

4.
Ohun tí Kúbúrá rí:
Àgbàlá tí a gbá mọ́ tónítóní.
Àṣàkẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, igbá omi lọ́wọ́.
Ìyá Àṣàkẹ́ lẹ́yìn ilé, ó ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ jà.

5.
Ohun tó sọ nílé:
Wèrè ìdílé ni.

6.
Gàfárù kò bá a jà. Òun nìkan ló kó lọ sí Jọs. Kò wálé ọdún mọ́.

11.
Ilé ìwòsàn, 1991. Fàsásì, ọmọ Kúbúrá, ń gbóhùn nínú ògiri.

KÚBÚRÁ: Kò sí irú ẹ̀ nílé wa rí, dókítà.
DÓKÍTÀ: Màmá, ilé wo ni kò lè wọ̀? Ó ń bá ẹ̀jẹ̀ wá, díẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá. Ayé á wá fi tiẹ̀ kún un.
KÚBÚRÁ: Bí ìyá bá ní in, ọmọ rẹ̀ obìnrin ńkọ́?
DÓKÍTÀ: Nínú irú wọn mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ni kò ní í ní in. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò Fàsásì. Ta ni ìyá ọ̀hún?
KÚBÚRÁ: Ẹnì kan ni.

12.
Mẹ́sàn-án.

13.
Kúbúrá rí Àṣàkẹ́ ní Bẹẹrẹ, òun àtọmọ mẹ́ta, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ẹyin lohùn, Kúbúrá kò rí èyí tó máa ṣà.

16.
Ìwé tí bàálé agboolé Kúbúrá ní kí wọ́n kà láti yàrá dé yàrá, 1992:

ÀWỌN TÓ FẸ́ FẸ́ MORÁDÉYỌ̀ ỌMỌ KÚBÚRÁ Á MÁA WÁ WÁDÌÍ. ẸNI TÓ BÁ BÉÈRÈ FÀSÁSÌ Ẹ̀GBỌ́N RẸ̀: Ó Ń KỌ́ṢẸ́ NÍ ÌLỌRIN. ẸNU KAN NI KÍ ILÉ Ó NÍ.

17.
Wọ́n ti Fàsásì mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kọjá. Èkejì kọjá. Ohùn inú ògiri padà dé.

18.
Obìnrin kan yà wọlé, ó ní aránṣọ lòun ń wá. Kò gbé aṣọ kankan lọ́wọ́. Kúbúrá fún un ní àga. Ọ̀rọ̀ fa ọ̀rọ̀, ó dórí ọmọ.

OBÌNRIN: Wọ́n ní àkọ́bí yín wà n'Ílọrin.

Bàálé wúkọ́ lójú fèrèsé.

KÚBÚRÁ: Ó wà nílé, ìyá. Ara rẹ̀ ni kò yá. Ẹ jẹ́ n ṣílẹ̀kùn fún un, kẹ́ ẹ rí i.

19.
Ọwọ́ Morádéyọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà.