Atọ́wò Omi Igi

Ìgbà kẹsàn-án rèé tí Atọ́wò yóò gun àkàsọ̀ lọ gba ojú gíláàsì wo inú táǹkì lónìí, kò sì tíì rí nǹkan kan. Omi igi pupa inú rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, kò hó, kò ru, bẹ́ẹ̀ aago méje àárọ̀ ni wọ́n ti da yíìsì sí i. Aago kan ti lù báyìí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí, ó tún lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀ rárá.

Lẹ́búlẹ́bú pákó tó ń dà sílẹ̀ nídìí ayùn ni wọ́n ń sọ di ẹtanọ́ọ̀lù nílé iṣẹ́ wọn, ọtí líle tí wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ epo mọ́tò. Igi kì í sì í ṣàdédé gbé ṣúgà inú rẹ̀ sílẹ̀. Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi ásíìdì sè é títí yóò fi rọ̀, kí wọ́n wá fọ ásíìdì náà kúrò, nítorí bó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, yíìsì tó ń sọ ṣúgà di ọtí yóò kú. Ta ní ń sọ pé ó ti kúrò? Atọ́wò ni. Á ki ìka bọ omi tí wọ́n fi ṣan án, á fi kan ahọ́n, á ní ó kù tàbí ó ti tó. Ìwé tí wọ́n fi ń yẹ ásíìdì wò ti tán láti ọdún méjì, kò sì sẹ́ni tó ra òmíràn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ahọ́n obìnrin yìí kò ṣì í rí, òun náà sì máa ń fi ṣe fọ́ńté díẹ̀, ká má parọ́.

Ọ̀fìnkìn kan ló dá a dùbúlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ara yá tán, ahọ́n kò bá a dìde. Kò mọ dídùn, kò mọ kíkorò. Ó ní yóò padà lọ́la, yóò padà lọ́tùn-únla, ó sì pa á mọ́ra. Iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ fún atọ́wò tí kò lè tọ́ nǹkan wò? Ẹ̀ẹ̀kan péré lóṣù ni wọ́n ń kún táǹkì, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Lánàá tí wọ́n bi í, ó wo àwọ̀ omi, ó ní ó ti tó.

Ọ̀gá jáde láti ọ́fíìsì pẹ̀lú ìgò yíìsì kan ṣoṣo tó kù. Yíìsì yìí kì í ṣe ti oníbúrẹ́dì o. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi tọ́ ọ kó tó lè fara da omi igi. Ọ̀gá ní bóyá ti àárọ̀ ni kò lágbára, kí mẹkáníìkì ṣí ojú táǹkì kí òun da èyí kún un. Mẹkáníìkì ni ọkọ Atọ́wò. Kíá, ó ti wà lókè, ó ń tú nọ́ọ̀tì.

 Bí Atọ́wò bá dákẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n yíìsì ọdún mẹ́ta yóò bá omi lọ. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Nọ́ọ̀tì ku ẹyọ kan.

"Ẹ má dà á, sà. Ahọ́n mi ò mọ nǹkan kan mọ́. Irọ́ ni mo pa lánàá."

Ọ̀gá gbá ìgò mọ́ àyà. Mẹkáníìkì sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ táǹkì díẹ̀, ó fi ìka kan omi náà, ó tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní ó kan gan-an.

Ọ̀gá kò pariwo, ìyẹn ló sì dun Atọ́wò jù. Ó ní kí wọ́n lọ ra ìwé, láti òní lọ ìwé ni yóò máa sọ fún àwọn. Kí Atọ́wò ṣì máa bá wọn di lẹ́búlẹ́bú sápò ná. Ó gbé ìgò rẹ̀ padà sínú fíríìjì.

Ọkọ wá jókòó ti ìyàwó rẹ̀ lórí àpò. Ó bi í pé ìgbà wo ló ti ń ṣe é. Ìyàwó ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Abájọ," ọkọ wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń jẹ iyọ̀ nílé. Mo rò pé ò ń bá mi jà ni."

"Mo sì ń bi yín lójoojúmọ́. Ẹ máa ń ní ó dùn."

"Mo rí bó o ṣe máa ń wo ẹnu mi kí n tó dáhùn. Kí ni mo tún lè sọ?"

Níbẹ̀ ni Atọ́wò ti bú sẹ́kún.