Ewú Bùràímọ̀

Ẹni eji bá rí ni eji ń pa, ṣùgbọ́n òjò yìí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìkà ni. Nínú gbogbo ẹrù tó wà ní yàrá Sẹ̀ríyà n'Ísàn, orí fọ́tò Bùràímọ̀, ọkọ rẹ̀, ni òrùlé wá jò sí. Fọ́tò lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Nígbà tí Sẹ̀ríyà fà á, ojú ọkọ rẹ̀ bó dànù.

Fọ́tò kan ṣoṣo tí Bùràímọ̀ yà láyé rẹ̀ nìyẹn, ní Iléyá ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó. Oyún Nímọ́tà ṣì wà níkùn nígbà tí ikú mú un lọ. Inú fọ́tò nìkan ni ọmọ náà ti mọ bàbá rẹ̀; àràárọ̀ ló ń kí i kó tó lọ ilé kéwú. Ta ni yóò wá máa kí?

Sẹ̀ríyà wọ lọ́rì lọ sí Ọyẹ́, ọ̀dọ̀ Adéwùnmí tó ya fọ́tò náà, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Fọ́tò.

"Bàbá Fọ́tò, ẹ dákun, ẹ bá mi wá ojú ọkọ mi."

Ọkùnrin náà mọ ìráhùn í ṣe, ṣùgbọ́n kì í da fíìmù fọ́tò tó bá yà nù. Inú agolo mílíìkì ló ń kó wọn sí. Ó ń tú u, ó ń kùn, títí ó fi fa ọ̀kan yọ, ó sì gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Òun rè é."

Sẹ̀ríyà wò ó, ó fà sẹ́yìn. Agbádá tó fi búlúù fọ̀ kó lè funfun ti di dúdú. Eyín ọkọ rẹ̀ dúdú. Irun orí rẹ̀ àti irùngbọ̀n rẹ̀ sì funfun bí òwú.

"Má bẹ̀rù," Bàbá Fọ́tò ní. "Bí fíìmù ṣe ń rí nìyẹn. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, yóò bọ̀ sípò."

Sẹ̀ríyà kò gbọ́ mọ́. Àdúrà tí àwọn àgbà ṣe níjọ́ ìgbéyàwó ló ń rántí, pé àwọn méjèèjì yóò hewú pọ̀. Bùràímọ̀ kò pé ọgbọ̀n ọdún tó fi kú. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ẹ̀rín sì ń bá ẹkún jáde.

"Urun rẹ̀ funfun! Bàbá Fọ́tò, ó mà darúgbó!"

Ló bá ní fíìmù náà gan-an lòun fẹ́. Bàbá Fọ́tò yarí.

"Fíìmù kì í jáde ní ulé mi. Òun ni uṣẹ́ mi."

"Ti pépà, ti ọmọ ni. Èyí tó hewú yìí, tèmi ni."

Lọ́jọ́ tó padà wá gba fọ́tò, Bàbá Fọ́tò kò jiyàn mọ́. Ó wé fíìmù náà, ó fi í lé e lọ́wọ́.

Nímọ́tà dàgbà, ó gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ lọ sílé ọkọ. Sẹ̀ríyà di tirẹ̀ mú. Ní gbogbo Iléyá, ó ń gbé e sí ojú fèrèsé. Lọ́dún tó kọ́kọ́ rí ewú ní orí tirẹ̀ náà, ó ṣí gèlè níwájú fíìmù náà.

"Bàbá Nímọ́tà, wo urun mi," ó ní. "A ti hewú pọ̀."